Gbèsè Ni Owó Ìtọ́jú, Kì í Ṣe Ọrẹ Àánú

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí ojú-ewé ìdílé lónìí jẹ́ èyí tí a kì í sábà sọ ní gbangba nínú ìjọ. A máa ń wàásù lórí bí ó ti yẹ kí tọkọtaya máa gbé, a sì máa ń wàásù lórí ibi tí ó wà nínú ìkọ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé bá ti tú tán, tí kóòtù sì ti pàṣẹ pé kí ọkọ àtijọ́ máa san owó ìtọ́jú, a máa ń dákẹ́ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìyà ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́hìn tí a ti parí ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn tí ń múra fún ìrìbọmi, arábìnrin kan dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn. Oníṣòwò gààrí ni, ọmọ mẹ́ta ni ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó sì yọ ìwé kan jáde tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya níbi tí a gbé ká a. Ìwé ìdájọ́ Ilé-ẹjọ́ Gíga ni. Adájọ́ ti pàṣẹ pé kí ọkọ rẹ̀ àtijọ́ máa san ₦30,000 fún un ní oṣooṣù. Oṣù mẹ́rin péré ni ọkùnrin náà san, ó sì dákẹ́. Láti ìgbà náà oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé kí ó ṣàánú mi."

A ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, a sì bi í pé, "Arábìnrin, nínú ìwé yìí, ta ni ó jẹ ẹnìkejì rẹ̀ ní gbèsè?"

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, "Òun ni ó jẹ mí, Bàbá."

A ní, "Ǹjẹ́ ta ni ó yẹ kí ó wá máa bẹ ẹnìkejì?"

A mú gègé, a sì ṣírò rẹ̀ lójú rẹ̀: oṣù mẹ́rìnlá ní ọ̀nà ₦30,000 jẹ́ ₦420,000. Ó wo iye náà títí. Ó ní láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun òun, òun kò ṣírò rẹ̀ rí. Nígbà náà ni ó hàn sí wa pé ó yẹ kí á kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé ìròhìn, nítorí ó dá wa lójú pé kì í ṣe òun nìkan ni ó ń tọ onígbèsè lọ pẹ̀lú igbá alágbe lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìdí tí èyí fi ṣòro fún àwa ọmọ Yorùbá láti gbà. Nínú àṣà àwọn baba wa, bí obìnrin bá fẹ́ fi ọkọ sílẹ̀, owó kì í ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá, ọ̀dọ̀ ọkọ ni owó ń lọ. Owó ìdána tí ó san ni a ó dá padà fún un, láti ọwọ́ àwọn ará ilé obìnrin náà tàbí láti ọwọ́ ọkùnrin mìíràn tí ó fẹ́ gbé e. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ni àwọn kóòtù ìbílẹ̀ ní ìgbà ìjọba Òyìnbó ṣe ń dá ẹjọ́: iye tí obìnrin yóò dá padà ni wọ́n sábà máa ń jókòó lé lórí. A kì í bi ọkùnrin náà léèrè pé, ẹni tí ó ti ń dáná fún ọ láti ọdún mẹ́wàá, kí ni yóò jẹ lọ́la? Ilé baba rẹ̀ ni a retí pé kí ó padà sí, níbi tí ilẹ̀ oko àti àwọn ìbátan rẹ̀ wà.

Ìgbéyàwó olórùka ni ó mú òfin mìíràn wá. Ní 1884 ni a ṣe òfin ìgbéyàwó lọ́nà ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó. Lẹ́hìn ogun Ìmàgbọn ní 1892, nígbà tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣí sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa gba ìrìbọmi, àwọn kan nínú ọmọ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìyàwó nínú ilé ìsìn. Ní 1914 a ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Àwọn tí ó ń fi òrùka sí ọwọ́ ara wọn mọ̀ dájú pé aya kan ṣoṣo ni àwọn yóò ní. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ pé àwọn ti wọ abẹ́ òfin tí ó ka bíbọ́ aya sí ẹrù lọ́rùn ọkọ, àní lẹ́hìn tí ìgbéyàwó náà bá ti tú ká.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ní àǹfààní yìí dé ọ̀dọ̀ tálákà. Ní 1878 ni Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn fún àwọn adájọ́ kéékèèké ní agbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún aya tí ọkọ rẹ̀ bá lù ní ìlù ìkà. Ní 1886 àti ní 1895 ni wọ́n nà án dé ọ̀dọ̀ aya tí ọkọ rẹ̀ sá fi sílẹ̀ àti èyí tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ láti bọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dé ọwọ́ tiwọn náà.

Òfin tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà lónìí ni òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti 1970, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún náà. Ó fún Ilé-ẹjọ́ Gíga ní agbára láti pàṣẹ owó ìtọ́jú fún aya, tàbí fún ọkọ bí ó bá jẹ́ òun ni ó tọ́ sí, àti fún àwọn ọmọ. Adájọ́ yóò wo ohun tí olúkúlùkù ní, agbára rẹ̀ láti ṣiṣẹ́ jẹun, ìwà tí àwọn méjèèjì hù, àti gbogbo ohun mìíràn tí ó kan ọ̀rọ̀ náà. Ó lè ní kí a máa san án ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, tàbí ní oṣooṣù, tàbí ní ọdọọdún, tàbí kí a san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kódà kí ẹjọ́ tó parí, ó lè pàṣẹ pé kí a máa san iye kan ná. Ní ti ọmọ, àṣẹ náà kì í kọjá ìgbà tí ọmọ bá pé ẹni ọdún 21, àfi bí ìdí pàtàkì kan bá wà.

Nítorí náà, ohun kìn-ín-ní tí obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn yóò ṣe ni kí ó wá ìwé-ẹ̀rí ìgbéyàwó rẹ̀ rí. Bí ìgbéyàwó náà bá jẹ́ ti òfin, ìbáà ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba tàbí ní ilé ìsìn tí ìjọba fún ní àṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga ni yóò lọ, èyí tí ó sún mọ́ wa sì wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìdána nìkan ni a ṣe, tí ìjọ kàn gbàdúrà fún wọn lẹ́hìn rẹ̀, kóòtù ìbílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kóòtù kọkọ-kọkọ, ni ọ̀nà rẹ̀. Àṣà kò fún obìnrin tí a ti kọ̀ sílẹ̀ ní owó ìtọ́jú ti ara rẹ̀ níbẹ̀ bí òfin 1970 ti fún un. Ṣùgbọ́n kóòtù náà lè pàṣẹ pé kí baba máa bọ́ ọmọ rẹ̀, kí ó sì máa san owó ilé-ìwé rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ ní 2006, wí pé gbogbo ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láti ọwọ́ àwọn òbí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbára wọn ti mọ, a sì lè gbà á fún un ní kóòtù. Kò bi ọmọ léèrè bóyá òrùka wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Wàyí o, ìdájọ́ dà bí ìwé ilẹ̀. Ẹni tí ó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́, tí kò gbé ọkọ́ lọ sí orí ilẹ̀ náà, kò ní kórè níbẹ̀. Kóòtù kì í fúnra rẹ̀ rìn lọ sí ilé onígbèsè. Ẹni tí a jẹ ní gbèsè ni ó ní láti padà wá sọ fún kóòtù pé a kò san án, kí ó sì bèèrè pé kí a bá òun gbà á. Ọ̀pọ̀ obìnrin kò mọ èyí. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ojú ń tì wọ́n.

Ojú wo ni ó yẹ kí ó tì wọ́n? Àwa Yorùbá kọ́ ni a kò mọ bí a ti ń gba gbèsè. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, ròhìn àwọn ológò ìgbà àtijọ́, tí í máa wọ ilé onígbèsè, tí wọn a jókòó tì í, tí wọn a máa pariwo, tí wọn a sì máa mú ohun ọ̀sìn ilé náà, títí a ó fi san owó náà. Ta ni kò sì mọ àwọn Òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí ń ta aṣọ ní àwìn láti ìlú dé ìlú, tí ó jẹ́ pé orí ìlóṣòó ni wọ́n ń wà ní iwájú ilé onígbèsè? Bí kò bá ti ojú láti lóṣòó nítorí owó aṣọ, ṣé nítorí owó oúnjẹ ọmọ ni ojú yóò ṣe máa ti ìyá? Òfin ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ológò, ó sì ti fi í lé bélíìfù àti adájọ́ lọ́wọ́, láìsí ariwo àti láìsí ìjà. Kí á lo ohun tí òfin fún wa.

Èkínní, kí obìnrin náà ní ìwé kékeré kan. Ní ojú-ewé rẹ̀, kí ó kọ oṣù, iye tí ó yẹ kí a san, iye tí a san, ọjọ́ tí a san án, àti iye tí ó kù. A ti jẹ́ akọ̀wé fún ọdún púpọ̀, a sì lè jẹ́rìí pé ojú-ewé kan tí a kọ dáradára níye lórí ju wákàtí mẹ́ta ẹkún lọ níwájú adájọ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí owó náà máa gba inú báńkì kọjá, kí báńkì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Bí a bá fi lé e lọ́wọ́, kí ó fún ẹni tí ó san án ní rìsíìtì, kí ó sì tọ́jú èyí tí ó kù sí ọwọ́ rẹ̀. Kí ó sì gba ẹ̀dà ìdájọ́ náà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ jẹ́rìí sí, kí ó má ṣe máa gbé ẹyọ kan ṣoṣo kiri ní etí aṣọ.

Èkejì, kí a kọ lẹ́tà sí onígbèsè náà, lọ́dọ̀ lọ́yà bí ó bá ṣeé ṣe, kí a sọ iye náà fún un, kí a sì fún un ní ọjọ́ kan pàtó tí yóò fi san án. Kí èébú má ṣe sí nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa san nígbà tí wọ́n bá rí i pé ẹnìkan ń ka oṣù.

Ẹ̀kẹta, bí ó bá kọ etí ikún, kí a padà sí kóòtù. Ọ̀nà tí ó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Kóòtù lè rán bélíìfù láti gba ohun ìní rẹ̀ tí ó ṣeé gbé, kí a sì tà á. Bí èyí kò bá tó, a lè bèèrè àṣẹ lórí ilé tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá ní owó ní báńkì, tàbí bí ẹlòmíràn bá jẹ òun náà ní gbèsè, kóòtù lè pe báńkì tàbí ẹni náà kí ó wá sọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún obìnrin yìí. Ó kéré tán, ọjọ́ 14 ni a ó fún un ṣáájú ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Kóòtù sì tún lè pe onígbèsè fúnra rẹ̀ kí ó wá búra, kí a sì wádìí ohun tí ó ń rí gbà àti ohun tí ó ń ná. Bí ó bá hàn pé ó ní owó, ṣùgbọ́n tí ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san án, adájọ́ lè fi í sẹ́wọ̀n. Ẹ̀wọ̀n náà wà fún alágídí. Kò wà fún ẹni tí kò ní.

Kí a má sì ṣe jẹ́ kí ó pẹ́. Bí gbèsè bá pẹ́, rìsíìtì a máa sọnù, ẹlẹ́rìí a máa kúrò nílùú, onígbèsè a sì ti kó ohun ìní rẹ̀ sí orúkọ ẹlòmíràn.

Àwọn kan yóò wí pé, "Ọkọ mi àtijọ́ ti lọ sí London ńkọ́?" A mọ̀ pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó wà lẹ́hìn odò kò kéré. Òfin kan wà ní England láti 1920 lórí owó ìtọ́jú tí a pàṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn, Nàìjíríà sì wà nínú àwọn ilẹ̀ tí ó kàn. Nípa rẹ̀, a lè fi ẹ̀dà àṣẹ kóòtù ránṣẹ́ láti ọwọ́ ìjọba sí ìjọba, kí kóòtù ti ọ̀hún lè kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, kí ó sì bá wa gbà á. Kì í yá kánkán, kì í sì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó rí bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé òkun ti gbé gbèsè náà mì.

Ní ti owó lọ́yà, kí aláìní má ṣe ṣàìbèèrè. Àjọ ìrànlọ́wọ́ òfin fún àwọn aláìní, èyí tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, wà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin amòfin tí a ń pè ní FIDA sì ti wà ní Nàìjíríà láti 1964. Kí obìnrin náà mú ìdájọ́ àti ìwé ìṣirò rẹ̀ lọ, kí ó sì bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n lè bá a ṣe.

Ẹ̀yin ọkùnrin, a ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin náà, nítorí a kò fẹ́ dá ẹjọ́ apá kan. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹni, tàbí pé àìsàn dé. Òfin mọ̀ pé ènìyàn ni wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá dínkù, kí ó padà tọ adájọ́ lọ, kí ó fi ẹ̀rí hàn, kí ó sì bèèrè pé kí a dín iye náà kù. Èyí tí kò tọ́ ni kí ènìyàn dákẹ́, kí ó pa fóònù rẹ̀, kí ó sì máa san owó aṣọ ẹgbẹ́ ní ibi ayẹyẹ. Pọ́ọ̀lù, nínú ìwé rẹ̀ kìn-ín-ní sí Tímótì, ka ẹni tí kò pèsè fún àwọn ará ilé rẹ̀ sí ẹni tí ó ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Kóòtù lè tú ìgbéyàwó ká, ṣùgbọ́n kò sí kóòtù tí ó lè sọ ọmọ di ẹni tí kò ní baba.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe fi ọmọ ṣe bélíìfù. Ẹ má ṣe rán an lọ pé, "Sọ fún baba rẹ pé ebi ń pa wá." Ẹ má sì ṣe wí pé níwọ̀n bí kò ti san owó, kò ní fojú kan ọmọ. Rírí ọmọ àti sísan owó, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni adájọ́ máa ń wò wọ́n. Ẹni tí ó bá pa wọ́n pọ̀ lè sọ ẹjọ́ tí ó ti jàre di èyí tí ó jẹ̀bi.

Ní ti àwa ìjọ, ó yẹ kí á tọrọ ìdáríjì. Ìgbà púpọ̀ ni obìnrin ti wá sọ́dọ̀ wa, tí a sì wí fún un pé kí ó lọ mú sùúrù, kí ó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Olúwa wa fúnra rẹ̀, nínú Ìhìnrere Lúùkù orí 18, sọ ìtàn opó kan tí kò yé tọ onídàájọ́ lọ nítorí ẹ̀tọ́ rẹ̀, títí onídàájọ́ náà fi dá a láre. Àdúrà ni Jésù ń kọ́ wa nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i pé nígbà tí ó ń wá ẹni tí yóò fi ṣe àpẹẹrẹ àdúrà tí kò ṣàárẹ̀, obìnrin tí ń bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kóòtù ni ó mú. Kò bá a wí pé ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu.

Ẹ ó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ arábìnrin wa ti rí. Ó ra ìwé kékeré kan ní ọjà. Lọ́yà obìnrin kan nínú ìjọ bá a kọ lẹ́tà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọjọ́ tí a dá tó pé, owó oṣù mẹ́ta wọlé sí báńkì rẹ̀. Lẹ́hìn èyí ọkùnrin náà tún dákẹ́, wọ́n sì ti padà sí kóòtù nítorí èyí tí ó kù. A kò lè sọ fún yín pé ó ti gba gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá ó tún dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ ìlà tí ó kẹ́hìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi yẹ ìṣirò yìí wò. ₦330,000 ni ó kù tí ó jẹ mí."

A yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pé. Kò sì tún sọ pé kí á bá òun bẹ ẹnikẹ́ni.

Kí Ọlọ́run, Baba àwọn aláìníbaba, kí ó kọ́ gbogbo wa láti san ohun tí a jẹ, àti láti má ṣe tijú àtibèèrè ohun tí a jẹ wá. Àmín.